Kí Owó Òwú Tó Di Bàṣé: Bí A Ṣe Ń Ra Ọkọ̀ Akẹ́rù Kékeré Àlòkù

Nígbà tí wọ́n bá ti wọn òwú tán lọ́jà abúlé, tí owó sì bọ́ sọ́wọ́, ohun tó máa ń wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni bàṣé, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Èrò náà kò burú. Ẹni tó ń gbé Ladjifarani, tí oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà N'Dali tàbí Tchaourou, mọ ìyà àìní ọkọ̀: ajílẹ̀ wà nílùú, òjò ti rọ̀ lóko, kò sì sẹ́ni tó máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni owó òwú ń wọlé. Bí ọkọ̀ tí a fi í rà bá kú ní oṣù kẹta, kò sí owó mìíràn títí di ìkórè tó ń bọ̀. Gbèsè irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò kò sì ní dúró de ọkọ̀ tó bàjẹ́.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kí a mú lọ sílé: gbogbo àyẹ̀wò tó yẹ ká ṣe, ká ṣe é kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn tí owó bá ti lọ, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù.

1. Iṣẹ́ wo ni ọkọ̀ náà fẹ́ ṣe?

Kì í ṣe bàṣé ló ń gbé òwú lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya kóró kúrò lára rẹ̀. Kámíọ̀ ńlá ló ń wá kó ìyẹn lọ́jà abúlé. Iṣẹ́ tiwa ni láti kó òwú láti oko dé ọjà abúlé, láti gbé ajílẹ̀ àti oògùn lọ sóko, àti láti kó iṣu tàbí àgbàdo wá sí ọjà Arzèkè.

Ẹrù wọ̀nyí kò rí bákan náà. Òwú fúyẹ́, ó sì ń gba àyè: ẹ̀yìn ọkọ̀ á kún kí ó tó wúwo. Ajílẹ̀ yàtọ̀ sí i. Àpò kan jẹ́ 50 kìlò; àpò 20 ti di tọ́ọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ọkọ̀ kò tíì kún lójú. Ọ̀pọ̀ bàṣé ni kò yẹ kó gbé ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ. Àwọn mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó jókòó níwájú sì wà nínú ìṣirò náà. Ojú á ní àyè ṣì wà, ṣaasí á sì ti máa tẹ̀ lábẹ́. Nítorí náà, ẹ fi ẹrù tó wúwo jù lọ díwọ̀n ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, kì í ṣe òwú.

Peugeot 404, tó jáde ní 1960, ni ọ̀pọ̀ àgbà fi mọ bàṣé. Peugeot 504 àti Toyota Hilux tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì jáde ní 1968. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ yan irú èyí tí mẹkáníìkì àdúgbò yín ti tú rí, tí páàtì rẹ̀ sì wà ní Parakou. Ọkọ̀ tó lẹ́wà, tó jẹ́ pé Cotonou la ó ti máa wá páàtì rẹ̀, ju 400 kìlómítà lọ, á jókòó sílé nígbà tí iṣẹ́ oko bá gbóná.

2. Ẹ ṣírò owó tó kù, kì í ṣe owó tó wọlé

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Iye tó wà níhìn-ín kì í ṣe iye ọjà. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká sọ pé ìdílé kan kórè tọ́ọ̀nù 8 òwú, kìlò kan sì jẹ́ 300 sẹ́fà. Ìyẹn jẹ́ 2.400.000. Wọ́n yọ gbèsè irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn, 900.000. Ó ku 1.500.000. Oúnjẹ, owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó àwọn tó bá wa já òwú tún gba 600.000. Ohun tó lè di ọkọ̀ ni 900.000, kì í ṣe 2.400.000 tí a kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó bá ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú olùtà kí wọ́n tó yọ gbèsè, owó tí kì í ṣe tirẹ̀ ló fi ń dúnàá dúrà.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ sí mẹ́rin. Kí iye ọkọ̀ má ju mẹ́ta lọ nínú rẹ̀. Ìdá kan tó kù wà fún ìwé, táyà, bátìrì, ọ́ìlì àti àtúnṣe àkọ́kọ́. Kò sí ọkọ̀ àlòkù tí kì í béèrè nǹkan ní oṣù àkọ́kọ́.

Ẹ tún fi ríra wé háyà. Bí ẹ bá ń háyà ọkọ̀ nígbà 20 lọ́dún, tí ìgbà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 15.000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 300.000. Bí epo, táyà, asiránsì àti àtúnṣe bàṣé tiyín yóò bá jẹ 500.000 lọ́dún, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbé ẹrù ẹlòmíràn kó tó lè bọ́ ara rẹ̀. Bí kò bá sí ẹrù bẹ́ẹ̀ lágbègbè yín, ó sàn kí ẹ máa háyà, tàbí kí ẹni méjì mẹ́ta tó gbọ́ra wọn yé pawọ́ pọ̀ ra ẹyọ kan. Bí ẹ bá pawọ́ pọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò máa wà á, ta ni yóò san àtúnṣe, báwo ni ẹni tó bá fẹ́ kúrò yóò ṣe gba owó rẹ̀.

3. Abẹ́ ọkọ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀dà tuntun kì í gbé ẹrù. Ṣaasí ló ń gbé e. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tó ń gba èbúté Cotonou wọlé ti Yúróòpù wá. Níbẹ̀, nígbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yẹn ń wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń jẹ irin láti inú wá. Kì í ṣe ọkọ̀ tí kò lórúkọ nìkan ló ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà ní 2008, Toyota fúnra rẹ̀ fi ọdún kún ìdánilójú tó ṣe fún ṣaasí bàṣé Tacoma ti ọdún 1995 sí 2000 nítorí ìpẹtà. Ó tún àwọn kan ṣe, ó sì ra àwọn mìíràn padà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n.

Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ẹ fi òòlù kékeré kan ṣaasí díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè á dún ketekete. Èyí tó ti jẹrà á dún kúbú, ìpẹtà á sì máa já bọ́. Ẹ wo ibi tí sípíríìngì ti so mọ́ ṣaasí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Bí wọ́n bá ti jó o pọ̀ níbẹ̀, tàbí tí wọ́n fi irin kún sípíríìngì, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti gbé ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ tó gbó, ẹ béèrè ohun tó bò mọ́lẹ̀.

Ẹ yẹ ibi ìwakọ̀ wò pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Ìlú Ọba tàbí Japan, ọwọ́ ọ̀tún ni ìwakọ̀ rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ti gbé e wá sí òsì, kí mẹkáníìkì wo bí wọ́n ṣe so ó, torí ẹ̀mí yín ló so mọ́ ọn.

4. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì nígbà tó tutù

Ẹ sọ fún olùtà pé kó má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná lè bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó tutù kì í lè purọ́.

Kí ẹ tó tan án, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá rí bí ẹ̀kọ mímu, omi ti lè wọ inú ọ́ìlì. Ẹ ṣí rédíétọ̀ pẹ̀lú, nígbà tó bá tutù nìkan, torí omi gbígbóná á bó ni. Bí ọ́ìlì bá ń dán lójú omi rẹ̀, ìtumọ̀ kan náà ni.

Ẹ wá tan án, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn wo èéfín:
– Èéfín tó dà bí búlúù: ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ́ńjìnnì ti gbó nínú.
– Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tó ti gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín: omi ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀.
– Èéfín dúdú tó nípọn: epo ń wọlé jù tàbí afẹ́fẹ́ kò wọlé tó. Nígbà mìíràn fílítà afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ dí ni, èyí sì rọrùn láti tún ṣe.

5. Ẹ wà á, kí ẹrù sì wà lẹ́yìn rẹ̀

Ọkọ̀ òfìfo sáré kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ bẹ olùtà kí ẹ di àpò bíi mélòó kan sẹ́yìn, kí ẹ sì gba ọ̀nà oníyanrìn àti òkè. Ẹ ṣọ́ bóyá jíà ń já fúnra rẹ̀, bóyá kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, bóyá ọkọ̀ ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ẹ má gba iye kìlómítà tó wà níwájú gbọ́ lásán, torí wọ́n lè dá a padà. Bí ó bá ní ọkọ̀ kò tíì rìn púpọ̀, tí rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì sì ti jẹ tán, ẹ gba rọ́bà gbọ́. Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin: 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ní ọdún 2019. Táyà tó ti pẹ́ lè bú lábẹ́ ajílẹ̀ bí ó tilẹ̀ ṣì ní eyín.

6. Ìwé kì í ṣe ohun tó ń bọ̀

Ẹ gbọ́dọ̀ rí ìwé duwáànì, carte grise, àti visite technique tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ṣaasí fúnra yín, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ sì fi wé ti inú ìwé. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, tàbí tí wọ́n ti ha irin níbẹ̀, ẹ má dúró mọ́. Bàṣé tó gba ẹnubodè Nàìjíríà wọlé, tó pọ́ọ́kú, tí kò sì níwèé duwáànì, ìjọba lè gbà á lójú ọ̀nà, owó yín kò sì ní padà.

Ẹ mọ ohùn yìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣàníyàn, ìwé ń bọ̀ lọ́la." Ìdáhùn rẹ̀ ni: "Àbúrò, o ṣeun. Owó náà ń bọ̀ lọ́la." Ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, tàbí kó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ẹ kọ ìwé títà níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ sì lọ sí ANaTT láti yí carte grise sí orúkọ yín. Títí ẹ ó fi ṣe é, ẹlòmíràn ni ìwé ṣì mọ̀ sí olówó ọkọ̀.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí olùtà júwe. Owó tí ẹ ó san fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan kò tó iye táyà kan.

7. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá délé

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti gbogbo fílítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní ìwé kékeré tí ẹ ó máa kọ owó epo, owó àtúnṣe àti owó ẹrù sí. Ẹ má kó oògùn kòkòrò pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ẹ fọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí òwú tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi aṣọ òwú tẹ́ ẹ, kì í ṣe àpò ọ̀rá, torí fọ́nrán ọ̀rá tó bá wọ inú òwú ń ba ọjà jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé jókòó lórí ẹrù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Nínú owó òwú tiyín, èló ló kù lẹ́yìn gbèsè àti ìnáwó ilé?
2. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ háyà ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá, èló sì ni gbogbo rẹ̀?
3. Kí nìdí tí a fi gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù?
4. Nọ́ńbà wo la gbọ́dọ̀ fi wé ìwé kí a tó sanwó?
5. Ta ni mẹkáníìkì tí ẹgbẹ́ yín lè jọ fọkàn tán?