Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ẹni Tó Fẹ́ Kọ Ọtí Sílẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Dá Wà

Bíbélì fún kíkà: Gálátíà 6:1-5, Oníwàásù 4:9-12
Ẹsẹ àkọ́sórí: Jákọ́bù 5:16
Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí a ṣe ń wá ẹgbẹ́ rere fún ẹni tí ọtí ti sọ di ẹrú, kí kíláàsì wa sì lè jẹ́ ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti lè sọ òtítọ́.

ÌFÁÁRÀ
Ẹ̀yin ará, àgbẹ̀ Iye-Èkìtì kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ ní ohun tí àárò jẹ́. Lónìí, gbogbo wa kọbè lóko ẹnìkan. Lọ́la, ó di oko ẹlòmíràn. A kì í san owó fún ara wa, kò sì sí ẹni tó ń fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́ pé igbó pọ̀ lóko rẹ̀, nítorí oko tirẹ̀ náà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọtí bá di àjàgà lọ́rùn arákùnrin wa, òun nìkan ni a máa ń fi sílẹ̀ láti dá oko náà ro. A ó gbàdúrà fún un, a ó bá a wí, ìjọ lè ní kí ó yẹra fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Lẹ́yìn náà, ta ni ó kù tí yóò kí i tayọ̀tayọ̀? Ẹlẹ́mu ni, àti àwọn tí wọ́n jọ ń mu paraga ní gáréèjì.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́
Ẹ ka Gálátíà 5:21 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ orí kẹfà. Pọ́ọ̀lù ka ìmutípara mọ́ iṣẹ́ ti ara; kò bò ó mọ́lẹ̀. Kò ju ẹsẹ mẹ́fà lọ lẹ́yìn náà tí ó fi sọ ohun tí a ó ṣe fún ẹni tó ṣubú, pé kí a fi ìwà tútù mú un padà sípò. Ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó lò níbẹ̀ ni Máàkù 1:19 lò fún àwọn ọmọ Sébédè tí wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe. A kì í fi ìbínú tún àwọ̀n ṣe. Ojú kan là ń so tẹ̀lé òmíràn.

Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé ẹsẹ kejì ní kí a máa bá ara wa ru ẹrù, ẹsẹ karùn-ún sì ní olúkúlùkù ni yóò ru tirẹ̀. Wọn kò takora. Kò sí ẹni tó lè bá ọ̀mùtí kọ ife ọtí. Òun ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í kúrò. Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè jókòó tì í nírọ̀lẹ́ tí òùngbẹ náà bá dé.

ỌKÙNRIN MÉJÌ NÍ AKRON
Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, Bill Wilson, oníṣòwò ìpín ìdókòwò ará New York, bá òwò lọ sí ìlú Akron ní Amẹ́ríkà. Ó tó oṣù bíi márùn-ún tó ti fi ẹnu kan ọtí kẹ́yìn. Òwò náà dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dúró ní gbọ̀ngàn iwájú òtẹ́ẹ̀lì, ó ń gbọ́ ariwo láti ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Dípò kí ó wọlé lọ, ìdí tẹlifóònù ló lọ, ó ń wá nọ́ńbà àwọn ìjọ inú ìlú náà. Ẹ kíyè sí ohun tó béèrè: kò ní kí wọ́n wá wàásù fún òun, ó ní kí wọ́n fi òun mọ ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Àlùfáà kan gbọ́ ọ, ó sì fún un ní orúkọ àwọn tó lè kàn sí. Mo fẹ́ràn àlùfáà yẹn. Ẹlòmíràn ìbá ti gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Báyìí ló ṣe pàdé Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni dókítà náà ní òun yóò lò. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi jókòó. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún náà, tí a kà sí ọjọ́ tí dókítà náà mutí kẹ́yìn, ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Alcoholics Anonymous ń kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìwé Jákọ́bù wà lára ohun tí àwọn ará Akron ìgbà náà fẹ́ràn jùlọ láti máa kà.

BÍ A ṢE Ń WÁ ẸGBẸ́
Nínú irú ẹgbẹ́ yìí, a kì í san owó ìwọlé. Orúkọ kan ṣoṣo tó. Kìkì ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ènìyàn fẹ́ jáwọ́. Ohun tí a bá sì gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ là ń fi í sí. Èyí ló ṣòro jù ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ baba àti ìyá ẹni. Bí ẹnìkan bá ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ òun yóò dé ọjà kí òun tó délé, ẹ má bínú sí i bí ó bá wá ẹgbẹ́ lọ sí ìlú mìíràn.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìwòsàn, bíi ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì. Ìdí pàtàkì mìíràn wà fún èyí. Ẹni tó ti ń mu ògógóró lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nílé láìrí dókítà. Ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó tilẹ̀ lè kú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ẹ̀mí èṣù, kí ó sì tì í mọ́ yàrá láti gbààwẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí ẹgbẹ́ nítòsí, ẹni méjì tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Oníwàásù. Ẹ fi ọgbọ́n wá arákùnrin kan tó ti jáwọ́ nínú ọtí, kí òun kọ́kọ́ sọ ìtàn tirẹ̀. Kí wọ́n máa pàdé níbi tí ẹmu kò sí, pàápàá ní ọjọ́ tí owó bá wọlé. Kí wọ́n má ṣèlérí títí ayé. Kí wọ́n ní àwọn kò ní mu lónìí. Bí ọ̀kan bá ṣubú, kí wọ́n fi àga rẹ̀ sílẹ̀ dè é títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Bí ẹnìkan bá dìde nínú kíláàsì yìí lónìí tó ní, "Mo mutí lálẹ́ àná, n kò sì mọ bí mo ṣe lè dáwọ́ dúró," kí ni ẹni tó jókòó tì í yóò ṣe?
2. Ta ni nínú wa tí a lè fọkàn tán pé kò ní gbé ọ̀rọ̀ náà jáde?
3. Níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó wa, kí ni à ń gbé fún ẹni tí kì í mutí?