Ẹni tí Ń Ka Ìṣísẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti Inú Eré Onídènà



Bí ọmọ kan ní Kabba, Ìyàrá tàbí Ìsánlú bá mọ eré sá, ìbéèrè tí ó máa ń wà lọ́kàn òbí ni pé, "Bí ẹsẹ̀ bá rẹ̀ ọ́ ńkọ́?" Ìbéèrè rere ni. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdáhùn rẹ̀ nínú ìje tí a ń sá tí a sì ń fo ìdènà.

1. Ohun tí eré náà ń kọ́ni

Nínú ìje 100 mítà ti àwọn obìnrin, ìdènà 10 ni ó wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 83.8. Mítà 8.5 ni ó wà láàárín ìdènà kan àti èkejì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sì ni sárésáré ń gbé níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì í kà yóò kọlu igi. Nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní July 2022, tí ó sì gba ipò kìn-ín-ní nínú àkọsílẹ̀ ayé, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ nìkan ni ó lò. Ìṣirò àti ìfarabalẹ̀ wà níbẹ̀.

2. Iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn eré

Ìfarabalẹ̀ yìí kì í bá ẹsẹ̀ gbó. Ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ eléré orí pápá a máa ní òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀, ìrìnnà, ibùwọ̀, oúnjẹ, aṣọ àti ìnáwó. Ẹni tí ó ti fo ìdènà rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, Sunday Bada, tí ó wà nínú ikọ̀ 4x400 mítà wa ní Sydney ní ọdún 2000, di ọ̀kan nínú àwọn alákòóso àjọ AFN kí ó tó kú ní 2011.

3. Ohun tí àìbójútó ń fà

Ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021, a dá eléré orí pápá 10 ti Nàìjíríà dúró. A kò tìtorí pé wọ́n lo òògùn tí a kà léèwọ̀ dá wọn dúró. Òfin béèrè àyẹ̀wò mẹ́ta láìsọ tẹ́lẹ̀ láàárín oṣù 10 ṣáájú ìdíje, tiwọn kò sì pé. Ní Paris ní 2024, Favour Ofili tóótun fún 100 mítà, ṣùgbọ́n a kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Làálàá ọdún púpọ̀ ṣòfò nítorí ìwé tí ẹnì kan kò kọ.

4. Ìlò rẹ̀ fún wa

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Sárésáré nílò akọ̀wé, akọ̀wé sì nílò sárésáré. Ẹ má ṣe já bọ́ọ̀lù tàbí bàtà eré gbà lọ́wọ́ ọmọ nítorí ìwé, ẹ má sì ṣe gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí eré. Ní ọjọ́ ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a fún ọmọ tí ó kọ orúkọ àti àkókò láìṣì í kọ ní ẹ̀bùn pẹ̀lú.

Fún ìjíròrò nínú ilé: Ta ni ń ṣe iṣẹ́ tí a kò rí nínú ẹbí wa? Ìgbà wo ni a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn?