Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Pípín Ọjà sí Ìsọ̀rí Nínú Ṣọ́ọ̀bù Orí Ayélujára

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òwe yìí sì ṣẹ mọ́ ṣọ́ọ̀bù orí ayélujára lára ju ibikíbi lọ. Oníbàárà kan á gba Google wọlé, òmíràn á tẹ líǹkì tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ̀kẹta á rí gèlè kan lórí Instagram, á sì wá béèrè irú rẹ̀. Ibi yòówù kí wọ́n gbà wọlé, wọ́n fẹ́ tètè mọ ibi tí wọ́n wà àti ibi tí ohun tí wọ́n fẹ́ rà wà. Ìsọ̀rí ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ọjà ilẹ̀ Yorùbá ti mọ iṣẹ́ náà tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta á lọ sí Ìtòkú. Ẹni tó ń wá aṣọ òkè ní Ìbàdàn á forí lé Ọjẹ́. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, ó di Ládípọ̀. Nínú ọjà kan náà, ìsọ̀ aláta kì í sí láàárín ìsọ̀ aláṣọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá rajà ló là á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú ọjà ojúkojú, ẹni tó ṣìnà á rí ẹni bi pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni wọ́n ti ń ta léèsì?” Kò sí ẹni tí a lè bi bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Bí ìsọ̀rí kò bá dáhùn, oníbàárà á ti ojú ìwé náà pa. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni àpẹẹrẹ tó bá àlàyé yìí mu jù, torí ọjà tó ní ojú púpọ̀ bí aṣọ kò wọ́pọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí oníṣòwò tó dárúkọ ìsọ̀rí kankan, ó yẹ kó kọ gbogbo ọjà rẹ̀ sílẹ̀, kó sì wò ó pé kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Ọ̀pọ̀ ló ń pín ọjà bí àwọn fúnra wọn ṣe rà á: “Ọjà Kùtọnu”, “Ọjà Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé”, “Ti Alhaja”. Ilé ìkẹ́rù ni irú ìpín bẹ́ẹ̀ wúlò fún. Oníbàárà kò mọ Alhaja.

Ìdí tí a fi pín nǹkan ló ń sọ bí ìpín náà yóò ṣe rí. Ètò Harmonized System, tí àwọn aṣọ́bodè ń lò káàkiri àgbáyé láti 1988, ohun tí wọ́n fi hun aṣọ àti bóyá a ti rán an ló ń wò: sílíkì wà ní orí 50, òwú wà ní orí 52, aṣọ tí a ti rán sì bọ́ sí orí 61 àti 62. Google náà ní ètò tirẹ̀ fún àwọn tó ń polówó ọjà, ìsọ̀rí inú rẹ̀ sì lé ní 5,000. Nínú ètò yẹn, agbádá tí a ti rán wà lábẹ́ aṣọ ìbílẹ̀ àti aṣọ ayẹyẹ, ṣùgbọ́n àǹkárá tí a kò tíì gé wà lọ́dọ̀ àwọn ohun èlò iṣẹ́ ọnà. Ìyá aláṣọ ní ọjà Balógun ní Èkó á rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́. Ètò méjèèjì dára fún iṣẹ́ tí a ṣe wọ́n fún, owó bodè àti ìpolówó. Ẹni tó ń wá léèsì ìgbéyàwó kò rí tiwọn rò. Kí oníṣòwò fi nọ́ńbà aṣọ́bodè sórí ìwé ẹrù, kó fi ìsọ̀rí Google sí ẹ̀yìn níbi tí ẹ̀rọ ti ń kà á, kó má sì gbé èyíkéyìí nínú wọn wá sójú oníbàárà.

Fún ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ìpín àkọ́kọ́ tó bọ́gbọ́n mu ni aṣọ tí a kò tíì rán, aṣọ rírán, ohun tí a ń wé tàbí tí a ń dé sórí, àti ìlẹ̀kẹ̀. Lábẹ́ aṣọ tí a kò tíì rán ni àǹkárá, léèsì, àdìrẹ àti aṣọ òkè yóò wà. Ṣé kí a tún pín aṣọ òkè sí ẹtù, sányán àti àlàárì, kí a pín àdìrẹ sí ẹlẹ́kọ àti oníko? Iye ọjà ni yóò dáhùn. Igi kan kì í dá igbó ṣe: bó bá jẹ́ sányán méjì péré ló wà nílẹ̀, kí wọ́n wà lábẹ́ aṣọ òkè, kí orúkọ wọn wà nínú àlàyé ọjà. Yàrá òfìfo máa ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù dà bí èyí tó ti ń kógbá sílé. Nígbà tí aṣọ òkè bá wá pọ̀ débi pé oníbàárà ń fi ìka yí ojú ìwé títí ọwọ́ fi ń ro ó, àsìkò ìpín tó. Ìka ò dọ́gba, àwọn ìsọ̀rí náà kò ní láti dọ́gba. Nínú àwọn ètò tí a fi ń dá ṣọ́ọ̀bù orí ayélujára sílẹ̀, WooCommerce gbà kí ìsọ̀rí wọnú ìsọ̀rí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mẹ́nù Shopify gba ìpele mẹ́ta. Ìpele méjì tó fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, pàápàá lórí fóònù.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Iṣẹ́ tí ìsọ̀rí kò lè ṣe wà, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò. Wọ́n á dá “Léèsì Pupa” sílẹ̀, wọ́n á dá “Léèsì Búlúù”, wọ́n á tún dá “Léèsì Yáàdì Márùn-ún”, títí ìsọ̀rí yóò fi pọ̀ ju ọjà lọ. Irú nǹkan ni ìsọ̀rí ń sọ. Àwọ̀, ìwọ̀n, iye owó àti òde tí a fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, filter ló ni wọ́n: àwọn àpótí kéékèèké tí oníbàárà ń tẹ̀ kí ohun tí kò fẹ́ lè kúrò níwájú rẹ̀.

Àwọn olùtọ́jú ìwé ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nínú ètò nọ́ńbà tí Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1876, ìwé kọ̀ọ̀kan ní ojú kan ṣoṣo lórí pẹpẹ. S. R. Ranganathan, olùtọ́jú ilé ìkàwé Yunifásítì Madras ní Íńdíà, rí i pé ìwé kan lè ní ojú púpọ̀: ohun tó dá lé lórí, ibi tó jẹ mọ́, ìgbà tó jẹ mọ́. Ní 1933 ó gbé Colon Classification jáde, èyí tó ya àwọn ojú wọ̀nyí sọ́tọ̀ kí a lè so wọ́n pọ̀ bó bá ṣe yẹ. Ọmọ ìrònú yẹn ni filter òde òní.

Nínú ọjà aṣọ Yorùbá, filter àwọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá, nítorí aṣọ ẹbí. Ẹni tí wọ́n pè sí òde kọ́ ló yan àwọ̀. Ìyá ìyàwó ti ní wine ni, tàbí peach, ọ̀rọ̀ ti parí. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lè fara mọ́ léèsì, ó lè fara mọ́ àǹkárá, bí àwọ̀ bá ṣáà ti bá a mu. Fún ìdí èyí, filter náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ré kọjá ìsọ̀rí kan, kí ẹni tó tẹ peach lè rí léèsì, gèlè àti fìlà pọ̀ lójú kan. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́: àwọ̀ mẹ́wàá sí méjìlá tó. Ẹni tó ya pupa, pupa fòò àti pupa rúsúrúsú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń fi ọjà ara rẹ̀ pamọ́ ni, torí ó ṣòro kí kámẹ́rà fóònù méjì tó ya pupa bákan náà. Àwọ̀ gan-an lè wà nínú orúkọ ọjà.

Ọ̀rọ̀ òde ń mú ìbéèrè mìíràn wá. Léèsì kan náà yẹ fún ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú àgbà. Kí ilé rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, nínú léèsì. Kó wá máa ṣe àlejò níbòmíràn. Shopify ní collection tó ń kó ọjà jọ fúnra rẹ̀: gbogbo ohun tí a bá lẹ tag ìgbéyàwó mọ́ á wọlé síbẹ̀. Ẹni tí kò tíì kọjá katalọ́ọ̀gì WhatsApp Business náà lè dá collection sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí a ṣọ́ra ni àdírẹ́ẹ̀sì. Bí orúkọ ìsọ̀rí bá wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì ọjà, ọjà kan lè ní àdírẹ́ẹ̀sì méjì. Àmì canonical ló ń sọ fún Google èwo ni kó gbà.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí “sẹ́ẹ̀tì” bá jẹ́ ìró, gèlè àti ìpèlé nínú ìsọ̀rí kan, kò gbọ́dọ̀ di gèlè àti fìlà nínú òmíràn. Orúkọ tó dùn létí ṣùgbọ́n tí kò sọ nǹkan kan, irú bíi “Ìdùnnú” tàbí “Ọmọge”, lè wà lára páálí ọjà. Kò wúlò fún ìsọ̀rí. Àmì ohùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó dára kí ojú ìwé kọ “gèlè” dáadáa, ṣùgbọ́n “gele” ni ọ̀pọ̀ oníbàárà, láti Ìbàdàn dé Houston, ń tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri. Kí àpótí náà mọ méjèèjì. Kí àdírẹ́ẹ̀sì jẹ́ lẹ́tà lásán, nítorí àmì ohùn inú rẹ̀ máa ń di ọ̀wọ́ nọ́ńbà àti àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún nígbà tí a bá fi ránṣẹ́.

Oríṣiríṣi ọ̀bẹ là ń rí lọ́jọ́ ikú erin, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí tó ń jẹ́ “Oríṣiríṣi” kì í pa erin kankan. Ẹni tó bá gbé ọjà sórí WooCommerce láìyan ìsọ̀rí fún un, “Uncategorized” ló ń bọ́ sí. Bí ọjà tó wà níbẹ̀ bá ti ń pọ̀, ó lè jẹ́ pé ìsọ̀rí kan ló sọnù, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀lẹ ló ń gbé ọjà sókè.

Ọ̀nà tí a fi ń dán ìpín wò kò gba owó. Kí a kọ orúkọ ọjà sórí ègé ìwé, kí a kó wọn fún àwọn tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù náà rí, kí wọ́n tò wọ́n bó ṣe tọ́ lójú wọn. Jakob Nielsen, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìmọ̀ bí ènìyàn ṣe ń lo ayélujára, dámọ̀ràn ènìyàn 15 ní 2004. Ṣọ́ọ̀bù kékeré lè fi márùn-ún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí oníbàárà ń tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri tún jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára. Bí “fìlà” bá ń yọjú lójoojúmọ́ níbi tí kò ti sí ìsọ̀rí fìlà, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀.

Ìsọ̀rí tí a bá yí orúkọ rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ ní redirect 301, kí líǹkì àtijọ́ lè gbé ènìyàn dé ibi tuntun. Ti ọlọ́dọọdún, bí aṣọ Iléyá, kí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ má ní ọdún nínú. Bí ọdún bá kọjá, kí a yọ ọ́ kúrò nínú mẹ́nù, kí a fi ojú ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Iléyá mìíràn bá kù bí oṣù méjì, kí a kó ọjà tuntun sí i, kí a sì dá a padà sí mẹ́nù.