Etí Ni Èbúté Wà: Bí Ohun Onípele Ṣe Ń Fa Háídrójìn Jáde Nínú Omi

Iṣẹ́ láàbù ló gbé mi lọ. Lónìí, mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún gan-an, àti àṣìṣe kan tí mo ṣe níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di òpùrọ́ láìmọ̀.

Ìkòròdú ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n mo máa ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ àǹtí mi tí wọ́n ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Wọ́n ní fìrísà. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni. Bí epo bá tún wọ́n, yìnyín á máa yọ́, àǹtí á máa ṣírò àdánù. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn, omi ọ̀sà sì wà níwájú wọn. Ìbéèrè tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ ìwádìí nìyẹn: ṣé a lè fi iná oòrùn fa ohun ìdáná jáde nínú omi, ká tọ́jú rẹ̀ di alẹ́?

Ó ṣeé ṣe. Háídrójìn ni ohun ìdáná náà. Tí a bá ki irin méjì bọ omi tí a ti po ásíìdì díẹ̀ mọ́, tí a sì fi iná mànàmáná sí i, háídrójìn á máa hó jáde lára ọ̀kan, ọ́ksíjìn á máa hó lára èkejì. Nínú ìṣirò, volt 1.23 ló tó láti bẹ̀rẹ̀. Bátìrì kékeré inú rédíò, tó jẹ́ volt 1.5, ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ tí ojú irin náà ò bá dáa, a máa ní láti fi iná kún iná, àfikún yẹn ló ń jẹ owó. Ohun tó ń dín àfikún náà kù là ń pè ní catalyst: ó ń mú kí iṣẹ́ yá, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í bá iṣẹ́ lọ.

Platinum ni ọ̀gá nínú wọn, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá òmíràn.

Gírísì dúdú ọwọ́ mẹkáníìkì

Ẹ wo gírísì dúdú tí mẹkáníìkì máa ń kì sínú CV joint mọ́tò. Ohun tó sábà máa ń sọ ọ́ di dúdú ni molybdenum disulphide, tí a máa ń kọ ní MoS₂. Ìpele ìpele ló wà, bí ewé ìwé. Nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, sulphur wà lókè, molybdenum wà láàárín, sulphur wà nísàlẹ̀, bíi búrẹ́dì tí a fi ẹyin sáàárín. Inú ìpele kan le dáadáa, ṣùgbọ́n ìpele kan ò fi bẹ́ẹ̀ di èkejì mú, ìyẹn ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí ara wọn.

Ohun kan náà yìí lè fa háídrójìn jáde nínú omi. Ṣùgbọ́n ibo gan-an lára rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́? Ẹni tó bá wo bí ojú rẹ̀ ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ á ní ibẹ̀ ni. Rárá o. Sulphur tó wà lójú pẹrẹsẹ yẹn, ọwọ́ wọn ti kún, wọn ò wá ẹni tí wọ́n máa dì mú. Etí ibi tí ewé náà ti gé ni ọwọ́ àwọn átọ̀mù ti ṣófo.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú mọ ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ Ìkòròdú fẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ojú omi ò lè gúnlẹ̀ sáàárín ìgboro. Etí omi ni èbúté wà.

Èbúté tó dáa sì ní ìwà méjì. Kò gbọ́dọ̀ yọ̀ débi pé ọkọ̀ ò ní lè dúró, kò sì gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ débi pé kò ní lè kúrò. Háídrójìn gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀, kó gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, kó pàdé ẹnì kejì rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì jọ gbéra bíi gáàsì. Wúrà kì í dì í mú tó. Tungsten ń dì í mú jù. Platinum sún mọ́ àárín, etí MoS₂ náà sì sún mọ́ ibẹ̀.

Àwọn olùwádìí ní Denmark fi ìṣirò kọ̀ǹpútà sọ èyí lọ́dún 2005. Lọ́dún 2007, wọ́n to ewé MoS₂ kéékèèké sórí wúrà, wọ́n wọn etí wọn, wọ́n sì wọn fẹ̀ẹ̀rẹ̀ wọn. Bí gígùn etí ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. Bí ojú ṣe fẹ̀ tó ò kan iṣẹ́ náà. Lọ́dún 2016, àwọn ará Stanford fi hàn pé tí a bá yọ sulphur díẹ̀ kúrò lójú pẹrẹsẹ, tí a sì fa ewé náà díẹ̀, ibi tó ṣófo náà á ṣiṣẹ́. Ẹ sọ pé wọ́n gbẹ́ èbúté tuntun sáàárín ìlú.

Ayọ̀ tí mo yọ̀ láìtíì tó àkókò

Iṣẹ́ tèmi ni láti já MoS₂ wẹ́wẹ́, kí etí lè pọ̀. Mo fi sí irin kan, mo fi wáyà platinum ṣe apá kejì, mo tan iná. Ó dára! Nígbà tó tún di ọ̀la, ó tún dára sí i. Mo ti ń ronú ohun tí màá kọ sínú ìwé mi.

Ọ̀gá mi wo àwòrán náà, wọ́n ní, "Catalyst máa ń rẹ̀ tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Tìẹ ń lágbára sí i. Kí lo fi ṣe apá kejì?"

"Platinum ni, sà."

Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Platinum apá kejì ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ásíìdì, ó sì ń lọ lẹ̀ mọ́ ojú MoS₂ mi. Ìwọ̀nba bíńtín tí ojú ò lè rí ló ń ṣiṣẹ́, tí mo wá ń yin ẹlòmíràn. Mo fi ọ̀pá graphite rọ́pò wáyà náà, mo tún un ṣe. Èsì já wálẹ̀ gan-an. Ó dùn mí, àmọ́ èyí tó kéré yẹn ni òótọ́, òun ni mo kọ. Nínú iṣẹ́ tó jẹ́ pé ojú lásán ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, ìdọ̀tí kékeré lè di ọba.

Ṣé ó ti lè ran àǹtí mi lọ́wọ́? Rárá, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí lónìí, sólà àti bátìrì ni màá ní kí wọ́n rà fún fìrísà wọn. Ibi tí háídrójìn ti kọ́kọ́ wúlò ni iléeṣẹ́ tí ò lè ṣe kó má lò ó. Ẹ wo iléeṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022: a ò lè ṣe ajílẹ̀ yúríà láìsí amóńíà, a ò sì lè ṣe amóńíà láìsí háídrójìn. Káàkiri ayé, inú gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ jù, kílò kan sì máa ń tú bíi kílò 9 sí 10 carbon dioxide sáfẹ́fẹ́. Tí omi àti oòrùn bá lè gba iṣẹ́ yẹn ṣe lówó pọ́ọ́kú, gbogbo wa la máa jèrè.

Títí dìgbà náà, èmi ṣì ń wá etí. Tí ẹ bá tún rí gírísì dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín, ẹ rántí mi. Ó dìgbà kan ná.