Àwọn mọ́ńkì àti orin inú Mísà

Ìbéèrè: Báwo ni mọ́ńkì tó sé ara rẹ̀ mọ́ ilé àdúrà ṣe lè tún ìsìn Kátólíìkì ṣe? Òǹkàwé yín, Ìyànà Ọ̀fà.

Ìdáhùn: Orin àdúrà gan-an niṣẹ́ wọn, láti ìdájí títí di alẹ́. Ní 1833, Fadá Prosper Guéranger tún ilé mọ́ńkì Solesmes dá sílẹ̀ ní Faransé. Àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ tú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ wò, wọ́n sì jí orin Gregory, orin ìsìn àtijọ́ ti Ìjọ Kátólíìkì, dìde. Àwọn ará Solesmes yìí náà ló wá dá ilé mọ́ńkì Keur Moussa sílẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ti Keur Moussa ló wù mí jù! Wọ́n gbé kora, ohun èlò olókùn àwọn Mandinka, wọ inú Mísà. Wọ́n ń fi kọ orin Sáàmù, àwọn fúnra wọn ló sì ń fi ọwọ́ ṣe kora náà. Ìjọ pàápàá fara mọ́ irú èyí: ní December 1963 ni Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, fọwọ́ sí èdè àti orin ìbílẹ̀ nínú ìsìn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí mọ́ńkì nílẹ̀ wa níbí, ẹ lọ sí Ewu ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, kẹ́ ẹ bá wọn gbàdúrà.