Funfun Lórí Funfun: Èsì Tí Mo Rò Pé Ó Ti Sọnù

Ọ̀wẹnà, lápá Ìdànrè níbí, ni mo wà lọ́sàn-án gangan. Mo gbé laptop jókòó síwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí wọ́n sá. Oòrùn yẹn kì í ṣe kékeré! Terminal mi dúdú, ojú ara mi nìkan ni mò ń rí nínú rẹ̀. Mo bá yí i sí funfun kí lẹ́tà lè dúdú, mo ní kí script iṣẹ́ máásítà mi bẹ̀rẹ̀. Ó gba ìṣẹ́jú 40, ó parí, mi ò rí nǹkan kan. Mo tún un ṣe, òfìfo náà ni. Bátìrì ti dé 9%, iná ò sí, ọ̀gá mi sì ń retí èsì.

Mo wọlé, mo dá terminal padà sí dúdú. Èsì yọ gedegbe, lẹ́ẹ̀mejì!

Ṣé ẹ rí i, àmì kan ni program fi ń sọ àwọ̀ fún terminal: ESC, [, nọ́ńbà, lẹ́yìn náà m. Ojú kì í rí àmì náà. 30 dé 37 wà fún lẹ́tà, 40 dé 47 fún ẹ̀yìn lẹ́tà. VT100 tí DEC gbé jáde ní 1978 ló jẹ́ kí irú àmì yìí gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò ní àwọ̀ kankan.

Èmi ni mo kọ "\033[97m", ìyẹn funfun tó mọ́lẹ̀ jù, síwájú èsì mi. Mo ti rò pé dúdú ni terminal gbogbo ayé. Ta ló sọ fún mi?

39 ló yẹ kí n lò. 39 kì í ṣe funfun, kì í ṣe dúdú: ó ń sọ fún terminal pé kó lo àwọ̀ lẹ́tà tí ẹni tó ni ín yàn. 49 ń ṣe bákan náà fún ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ dandan kí ẹ lo funfun, ẹ yan ẹ̀yìn mọ́ ọn, bíi 97;44, funfun lórí búlúù. Kí ẹ sì fi 0 parí rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ yẹn á ṣàn dé ibi tí ẹ ti ń tẹ àṣẹ.

Ní tèmi, 31, ìyẹn pupa, ló kù nínú script mi báyìí, fún àṣìṣe nìkan. Kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, mo máa ń dán an wò lójú funfun àti lójú dúdú.