Ẹ Bi Ìyá Rẹ̀ Léèrè

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin tìṣà àti nọ́ọ̀sì ni mo ń pa òwe yìí fún, nítorí ọmọ arọmọléegun, èyí táwọn èèyàn ń pè ní ọmọ SS.

Ẹ wò ó ní kíláàsì. Ó mu omi, kò pẹ́ ló nawọ́ pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Láìpẹ́ ó tún nawọ́. Tìṣà rò pé iṣẹ́ ló ń sá fún, ó ní kó jókòó. Ọmọ bá dẹ́kun omi mímu, kó má baà tún máa tọrọ àyè. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àìsàn yìí kì í jẹ́ kí kíndìnrín lè dá omi dúró bó ṣe yẹ. Bí omi bá wọ́n lára, ẹ̀jẹ̀ á há sínú iṣan, eegun á sì máa ro ọmọ kíkankíkan. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó mọ̀ pé bó bá ṣàdédé dákẹ́, tó ń fọwọ́ ra orúnkún, ìrora ti ń bọ̀. Ta ló bi í?

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀, ẹ fún ìyá lága, kẹ́ ẹ bi í: kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe é? Oògùn wo ló ń lò? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó wà lọ́wọ́ tìṣà rẹ̀ gan-an. Bí ọmọ bá gòkè sí kíláàsì mìíràn, kí ìwé náà bá a lọ. Kí nọ́ọ̀sì náà tó ní "ẹ máa fún un lómi", kó béèrè ibi tọ́mọ ti ń rómi mu nílé ìwé.

Kì í ṣe àbùkù fún ọ̀mọ̀wé láti gbára lé ará ilé. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ń tọ́jú alárùn ọpọlọ láwọn abúlé tó wà nítòsí ọsibítù Aró. Aláìsàn kì í dá wá. Ẹbí rẹ̀ kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ bá a gbé. Dókítà ńlá bẹ́ẹ̀ gbà pé ìtọ́jú òun nílò ará ilé.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àìsàn ọmọ pamọ́ nítorí ẹnu ayé. Mo mọ ìdí rẹ̀. Pípè tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú ti ba ọ̀pọ̀ ìyá lọ́kàn jẹ́. Ṣùgbọ́n tìṣà tí kò mọ̀ ni yóò ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn, tàbí kó sáré nínú ọyẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ̀yin tìṣà, ẹ má fi párásítámọ́ lásán dá a dúró di ìgbà tílé ìwé bá jáde. Kí ẹ̀yin àti òbí ti jọ fẹnu kò tẹ́lẹ̀: tìṣà á pe ilé, ẹni tó bá sún mọ́ jù á gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀. Kí nọ́ńbà fóònù méjì wà nílẹ̀, torí ìyá lè wà lọ́jà kó má gbọ́ ìpè.